Ṣé ẹ́ńjìnì Honda C70 lè wọ férémù C50?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Alùpùpù Honda C50 àtijọ́ kan wà nílé wa, bátìrì fólítì 6 ló ń lò. Férémù rẹ̀ ṣì le dáadáa, ṣùgbọ́n píṣítínì ti gan mọ́ bulọ́ọ̀kù. Mo rí C70 kan rà, onífólítì 6 lòun náà: ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, férémù ni ìpẹtà ti jẹ. Ẹnìkan ní kí n yọ bulọ́ọ̀kù àti píṣítínì C70 sí ti C50, ẹlòmíràn ní ti C90 ni kí n wá nítorí pé ó lágbára jù. Èwo ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má tú ẹ́ńjìnì C70 yẹn palẹ̀ rárá. Odidi rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé sínú férémù C50. Bóòtì méjì péré ló so ẹ́ńjìnì àwọn Honda yìí mọ́ férémù, ihò wọn sì bára mu láàárín C50 àti C70.

Ẹ da ọ́ìlì sílẹ̀, kẹ́ ẹ tú orí bátìrì. Ẹ yọ ike tó ń bo ẹsẹ̀ níwájú, sáléńsà, kábúrétọ̀, irin gíà, àti irin ìfẹsẹ̀lé tí bóòtì mẹ́rin mú mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn lápá òsì kẹ́ ẹ lè tú ṣéènì. Ẹ ti àpótí sábẹ́ ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó fa bóòtì méjèèjì yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wáyà ni yóò gbé e rọ̀, yóò sì já. Bóòtì tí ìpẹtà bá ti mú, ẹ fi ọ́ìlì rin ín mọ́jú. Ẹ má gbá a ní òòlù, alumíníọ̀mù ló yí ihò yẹn ká, fífọ́ ló máa ń fọ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnì C70 rìn ni kábúrétọ̀ rẹ̀, ọrùn tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, àti sáléńsà rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ́ńjìnì C50 jẹ́ 49.5 cc, ti C70 jẹ́ 71.8 cc. Jẹ́ẹ̀tì C50 (ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀) kò lè tú epo tó fún un. Máṣíìnì á sítáàtì, á sáré díẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì á wá funfun bí ẹfun, ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà, píṣítínì á sì tún gan.

Ní ti wáyà, àwọ̀ ni kẹ́ ẹ fi so wọ́n: ewéko sí ewéko (òun ni áàtì), ewéko fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìlà pupa sí èkejì rẹ̀ (òun ni ti niútírà). Ẹ ha ojú gbogbo ìsopọ̀ mọ́. Ó dára tó jẹ́ pé fólítì 6 ni méjèèjì. Ká ní C70 yín jẹ́ ti fólítì 12 tó ń lo CDI (àpótí ẹlẹ́tíróníìkì tó ń pàṣẹ iná fún pọ́lọ́ọ̀gì) ni, kò ní kọ́ńtáàkì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ti fólítì 6, wáyà àti gílóòbù C50 kò sì ní bá a lò. Ẹ máa rí ẹni tó ń gbé mágínẹ́ẹ̀tì ti ọ̀kan sórí kọ́ìlì ti èkejì. Ẹ má gbà: iná pọ́lọ́ọ̀gì á máa ta lásìkò tí kò yẹ, bí ó bá tilẹ̀ ta.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ bulọ́ọ̀kù kò purọ́ tán. Ìwọ̀n tí kíránkì ń gbé píṣítínì láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, 41.4 mm ni nínú C50 àti C70. Fífẹ̀ ihò inú bulọ́ọ̀kù ló yàtọ̀: 39 mm ni ti C50, 47 mm ni ti C70. Nítorí náà ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀kù, píṣítínì, ríìngì, tọ́ọ̀pù sìlíńdà (èyí tó bo orí bulọ́ọ̀kù) àti kábúrétọ̀ ni yóò jọ wọlé. Tọ́ọ̀pù C50 lórí bulọ́ọ̀kù C70 kò dáa, ihò ibi tí iná ti ń jó kéré, ìfúnpọ̀ á pọ̀ jù. Kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, ẹ fi kálípà wọn ìdí bulọ́ọ̀kù àti ẹnu ilé kíránkì. Àmì «IN» orí píṣítínì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí epo ń gbà wọlé. Ẹ fi àkísà dí ẹnu ilé kíránkì kẹ́ ẹ tó fi klípù há píìnì píṣítínì: klípù tó bá jábọ́ sínú, ẹ́ńjìnì ló máa ní kẹ́ ẹ là sí méjì. Táímìnì (bí kámù àti kíránkì ṣe bára mu): «T» ara mágínẹ́ẹ̀tì kọjú sí àmì rẹ̀, «O» ara sípírókẹ́ẹ̀tì kámù kọjú sí gígé orí tọ́ọ̀pù. Ẹ fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbá kíkì.

C90 ńkọ́? Ti àtijọ́, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 mm, ìrìn píṣítínì rẹ̀ sì jẹ́ 45.6 mm. Ti fólítì 12 ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 47 mm bíi ti C70, àwọn tó ń ta páàtì á sì ní «ìkan náà ni». Kì í ṣe ìkan náà. Kíránkì tirẹ̀ ń rìn 49.5 mm, ìyẹn ni pé ó ń gbé píṣítínì sókè ju ti C70 lọ ní bíi 4 mm, ó sì ń fà á sísàlẹ̀ ní 4 mm sí i. Ẹ kò lè da páàtì wọn pọ̀.

Bí ẹ́ńjìnì C70 bá ti wọlé tán, ẹ ka eyín sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ti máṣíìnì méjèèjì, ti C70 ni kẹ́ ẹ lò. Bí ẹ bá fi ti C50 sílẹ̀, ẹ́ńjìnì á kàn máa ké lórí eré tí kò tó nǹkan. Ẹ pààrọ̀ ṣéènì náà, kẹ́ ẹ wo ṣúù búréèkì, nítorí eré á pọ̀ sí i.

Ọ́ìlì jẹ́ lítà 0.8. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA (àmì ọ́ìlì alùpùpù) sí lára ni kẹ́ ẹ rà, torí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì wà, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ mìíràn sì ń mú un yọ̀. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì jẹ́ 0.05 mm nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kọ́ńtáàkì 0.3 sí 0.4 mm, ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì 0.6 sí 0.7 mm. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ fi sípánà 17 ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá rí ọ́ìlì níbẹ̀, ẹ má gùn ún lọ ibì kankan, ó ṣeé ṣe kí ojú ọ̀nà ọ́ìlì ti dí.

Ìwé ọkọ̀ ló kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70E, tí ti inú ìwé yín sì jẹ́ C50E. Ẹ mú rìsíìtì àti ìwé C70 náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe láísẹ́ńsì kí wọ́n yí i padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì ha nọ́ńbà yẹn kí wọ́n tún un tẹ̀: ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀, bí èyí tí wọ́n jí ni àwọn ọlọ́pàá ń wò ó.