Síkírìnì ńlá kò lè fi ohun tí áńtẹ́nà kò gbọ́ hàn yín

Mo kí yín o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra síkírìnì aláwọ̀ tó fẹ̀ sínú glider yín, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò láìlo ẹ́ńjìnnì, kí ẹ lè máa rí gbogbo ọkọ̀ òfuurufú tó bá wà nítòsí, nítorí pé iná kéékèèké ara FLARM yín, ẹ̀rọ rédíò tó ń kìlọ̀ kí ọkọ̀ méjì má baà kọlu ara wọn, kò tẹ́ yín lọ́rùn. Síkírìnì kò ríran. Ohun tí áńtẹ́nà bá gbọ́ nìkan ni ó ń yà sójú, mo sì fi ojú ara mi rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mo ti ń fò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń yípo nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé ọkọ̀ ròkè. Kò sí àmì kankan lójú síkírìnì mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Bí mo ṣe wẹ̀yìn lápá òsì báyìí, glider funfun kan ni mo rí lábẹ́ ìyẹ́ mi, ó ń gòkè yára jù mí lọ, ó sì ti sún mọ́ mi débi pé mo rí fìlà orí ẹni tó ń wà á. Mo yà kúrò lójijì. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi balẹ̀. Nígbà tí àwa méjèèjì pàdé lórí ilẹ̀, ó ní FLARM tòun náà wà ní títàn, kò sì gbọ́ mi rárá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó rí i pé iná rẹ̀ tàn, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Inú ń bí mi di òní olónìí, nítorí pé iná yẹn kò sọ bí rédíò náà ṣe ń dé ibi jíjìnnà tó. Oṣù méjì ni mo fi ń pààrọ̀ wáyà lásán kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ FLARM ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a lè gbé fáìlì ìfò wa, àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nígbà tí a bá ń fò, sí lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò sì fi bí rédíò wa ṣe ń dé ọ̀nà jíjìn tó hàn ní apá kọ̀ọ̀kan. Níwájú, tèmi dára. Lẹ́yìn lápá òsì, kò tó kìlómítà kan. Wọ́n ti fi áńtẹ́nà pamọ́ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ara ọkọ̀ tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe sì ń dí rédíò náà, èyí tí agbára rẹ̀ kéré tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Bí glider méjì bá dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré 50 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 100 mítà ni àárín wọn ń dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ yẹ kó dún nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18, ìyẹn láti 1,800 mítà. Áńtẹ́nà tí kò gbọ́ ju 1,000 mítà lọ ti jẹ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ níbẹ̀, kí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá ọkọ̀ náà. A gbé áńtẹ́nà mi síbòmíràn, a fi èkejì kún un, ìṣòro náà sì tán.

Ẹ má gbàgbé sọ́fítíwíà o, nítorí pé bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, ẹ̀rọ náà kò ní bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ mọ́. Bákan náà, ipa ọ̀nà yín lórí ilẹ̀ ni ó fi ń ka apá tí ọkọ̀ kejì wà, kì í ṣe ibi tí imú ọkọ̀ yín kọjú sí. Nínú ẹ̀fúùfù líle tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ lè wo ibi tí àmì náà tọ́ka sí kí ẹ má rí nǹkan kan. Ọkọ̀ tí kò gbé ẹ̀rọ tó ń kéde ara rẹ̀ kò sì ní hàn láéláé, bí síkírìnì yín ìbáà tóbi tó tẹlifíṣọ̀n.

Nítorí náà, ẹ gbé fáìlì ìfò yín síbẹ̀ kí ẹ tó náwó. Bí gbogbo apá bá dára, tí ẹ sì ṣì fẹ́ síkírìnì náà, ẹ gbé e sí etí òkè pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ má baà máa tẹ orí ba láti wò ó nígbà tí ẹ bá ń yípo.