Ibi tí kọ́mà ń jókòó sí: “nígbà tí”, “bí… bá”, “kì í ṣe” àti àwọn ẹgbẹ́ wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìlera ni mò ń kọ ní èdè Yorùbá. Olóòtú dá a padà fún mi. Ó yọ kọ́mà kúrò níwájú “nígbà tí” nínú gbólóhùn kan, ó tún fi kọ́mà kún òmíràn tí “nígbà tí” kan náà wà. Ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ “Ẹ̀fọn ló ń fa ibà kì í ṣe oòrùn”. Kò ṣàlàyé kankan. Kí ni mo fẹ́ máa wò kí n tó fi kọ́mà síbì kan?

Ìdáhùn: Ipò tí awẹ́ gbólóhùn náà (apá gbólóhùn tó ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀) wà ni olóòtú yín wò, kì í ṣe “nígbà tí” fúnra rẹ̀. Bí awẹ́ tó ń sọ ìgbà, ìdí tàbí bí-nǹkan-bá-rí-báyìí bá ṣíwájú olórí awẹ́ gbólóhùn, ìyẹn awẹ́ tó lè dá dúró, ẹ fi kọ́mà sí ìparí rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé olórí awẹ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.
Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná.

Bákan náà ni pẹ̀lú “bí… bá”, “tí… bá”, “kí… tó”, “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé”, “láti ìgbà tí” àti “kàkà kí”. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ òwe: “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” “Kàkà kí eku má jẹ sèsé, a fi ṣe àwàdànù.” Bí awẹ́ méjì bá ṣíwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba kọ́mà tirẹ̀: “Nígbà tí òjò dá, tí ọ̀nà sì gbẹ, wọ́n gbéra.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka kọ́mà ìparí awẹ́ yìí sí ọ̀ṣọ́. Nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá, a kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kankan sáàárín ohun-ìní àti ẹni tó ni ín. Ńṣe la kàn ń to ọ̀rọ̀ orúkọ méjì tẹ̀ léra: ilé bàbá, aṣọ ìyàwó, oògùn ọmọ. Tí awẹ́ àkọ́kọ́ bá wá parí sí ọ̀rọ̀ orúkọ, tí olórí awẹ́ sì fi ọ̀rọ̀ orúkọ bẹ̀rẹ̀, ojú òǹkàwé yóò so méjèèjì pọ̀ kó tó mọ̀. Ẹ ka èyí:

Bí ẹ bá ti fún un ní oògùn ọmọ náà gbọ́dọ̀ sinmi.

“Oògùn ọmọ náà” ni ẹni tó ń kà á yóò kọ́kọ́ rí, yóò sì máa rò pé ọmọ kan wà tó ni oògùn. Ìgbà tó bá dé “gbọ́dọ̀” ni yóò mọ̀ pé òun ti ṣìnà, á wá padà sẹ́yìn. Ẹ fi kọ́mà sí ẹ̀yìn “oògùn”, gbogbo rẹ̀ á tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Nígbà tí wọ́n ta ilé bàbá náà kó lọ sí Ṣágámù”: ṣé ilé bàbá náà ni wọ́n tà, àbí bàbá náà ló kó lọ? Lẹ́nu, wàhálà yìí kì í sí. Ẹni tó ń sọ ilé tí bàbá ni yóò fa ìparí “ilé” díẹ̀ ní ohùn àárín, bí ẹni ń pe “ilé e bàbá”. Ẹni tó fẹ́ ya awẹ́ méjì sọ́tọ̀ yóò dánu dúró. Àkọsílẹ̀ wa kì í sábà gbé fífà náà jáde, nítorí náà kọ́mà nìkan ló kù tí yóò la ọ̀rọ̀ méjèèjì. Tí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù ìdáhùn yìí, ẹ má gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ méjì ti fara kanra.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ṣì í ni “ni”. Tí a bá fi “ni” tẹnu mọ́ awẹ́ tó ṣíwájú, kọ́mà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́:

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n di ojú ọgbẹ́.
Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá ni wọ́n di ojú ọgbẹ́.

Gbólóhùn kìíní kàn ń sọ bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra. Ìkejì ń sọ pé ìgbà yẹn gan-an ni, kì í ṣe ṣáájú. “Ni” ti so awẹ́ mọ́ ohun tó kù. Ẹni tó bá kọ “Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, ni wọ́n di ojú ọgbẹ́” ti já ohun tí “ni” so.

Òfin pé awẹ́ ìparí kì í gba kọ́mà ní ibì kan tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra: ibi tí “kò” bá wà níwájú “nítorí”. “Kò gba iṣẹ́ náà nítorí owó” ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé kò gbà á rárá, torí pé owó rẹ̀ kéré. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbà á, àmọ́ owó kọ́ ló fà á. Kọ́mà níwájú “nítorí” á fìdí ti àkọ́kọ́ múlẹ̀. Fún ìtumọ̀ kejì, kọ́mà kò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ tún gbólóhùn náà tò: “Kì í ṣe nítorí owó ni ó ṣe gba iṣẹ́ náà.”

Kì í ṣe gbogbo “bí”, “tí” àti “kí” ló ń gba kọ́mà o. Nínú “Ẹ bi í bí ó bá ti jẹun”, ohun tí a ń béèrè ni “bí ó bá ti jẹun” jẹ́, kò sí kọ́mà níbẹ̀. Kò sí ṣáájú “pé”, kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. “Dókítà sọ pé, kí a sinmi” wọ́pọ̀ nínú ìròyìn, àṣìṣe ni. “Aláìsàn tí ó bá ń bì gbọ́dọ̀ tètè wá” kò fẹ́ kọ́mà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, bó ti wù kí olùwà náà gùn tó. Ṣùgbọ́n “Aláìsàn tí ó bá ń bì, kí ó tètè wá” fẹ́ ẹ, nítorí “ó” ti dúró bí olùwà tuntun.

Ó ku ìfiwéra-òdì, èyí tí olóòtú fa ìlà sí. Ohun tí a sọ pé kì í ṣe òun gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fọwọ́ sí:

Ẹ̀fọn ló ń fa ibà, kì í ṣe oòrùn.
Kì í ṣe oòrùn ló ń fa ibà, bí kò ṣe ẹ̀fọn.

Ẹ lè fi í sáàárín, “Ẹ̀fọn, kì í ṣe oòrùn, ló ń fa ibà”, àmọ́ kọ́mà méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí ẹ bá gbàgbé ìkejì, ohun tó kù lójú ìwé ni “kì í ṣe oòrùn ló ń fa ibà”, ẹ̀fọn á wá dúró níwájú láìní iṣẹ́. Ní tèmi, ìparí ló dùn jù lọ fún un. Fífi í sáàárín kì í sábà dún bí Yorùbá.

“Àfi” fẹ́ àkíyèsí nínú irú ìwé yín gan-an. Lẹ́yìn gbólóhùn tí kò ní “kò” tàbí “má”, kọ́mà ń ṣíwájú rẹ̀: “Gbogbo wọn ti gba abẹ́rẹ́, àfi Òjó.” Lẹ́yìn “má” tàbí “kò”, ẹ má fi kọ́mà sí i: “Ní oṣù 6 àkọ́kọ́, ẹ má fún ọmọ ní ohunkóhun àfi ọmú ìyá.” Kọ́mà lẹ́yìn “ohunkóhun” á mú kí ìyá tó ń sáré kà á rò pé àṣẹ náà ti parí síbẹ̀.

“Ṣùgbọ́n” àti “àmọ́” ń gba kọ́mà ṣáájú tí wọ́n bá so odidi gbólóhùn méjì pọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. “Ó kéré ṣùgbọ́n ó lágbára” kúrú tó láti máa lọ láìní in. Ẹ má sì fi “ṣùgbọ́n” kún gbólóhùn tó ti fi “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” bẹ̀rẹ̀, “síbẹ̀” ló bá a mu: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá, síbẹ̀ kí ó lo oògùn náà tán.”