Báwo ni àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ṣe ń nípa lórí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Òṣogbo?

Àyíká Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ni a ti lè rí ipa wọn jù. Àtẹ ata, ẹja gbígbẹ àti agboòrùn àwọn ọlọ́jà máa ń gba etí títì débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní láti sọ̀kalẹ̀ sójú ọ̀nà, kí òun àti ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá jọ máa du àyè kan náà. Ewu gidi nìyẹn, pàápàá fún arúgbó àti ìyá tó pọnmọ.

Síbẹ̀, àwọn ọlọ́jà kan náà ló ń jẹ́ kí ìrìn alẹ́ rọrùn nígbà tí iná bá lọ, nítorí pé àtùpà àwọn tó ń dín àkàrà àti dùndú ń tànmọ́lẹ̀ sọ́nà, àlejò ń rí ẹni bi léèrè ọ̀nà, ojú tó sì pọ̀ níta kì í jẹ́ kí olè ráyè. Òótọ́ ni pé ìrìn kì í yá, nítorí ìkíni àti ìdúnàádúrà. Lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, náà máa ń kún fún àwọn tó ń ta kéègì tí èrò fi ń bu omi odò.

Lójú tèmi, lílé wọn kò tó, torí ibi tí ẹsẹ̀ èrò bá pọ̀ sí ni wọn yóò padà sí; kí ìjọba pààlà sí ibi tí àtẹ lè dé ló sàn jù.