Màmá Kàn Jókòó Sójú Kan Látàárọ̀ Dalẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Kubwa l'Ábújá níbí la wà. Ìgbà tí bàbá wa kú la lọ mú màmá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti pé 71. Nílé, ẹsẹ̀ ni màmá yìí fi ń lọ ọjà, wọ́n á kí ọ̀rẹ́ wọn lọ kí wọn bọ̀, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa, orí kùṣíìnì ni ṣáá, tẹlifísàn látàárọ̀ dalẹ́, orúnkún ti wá ń dùn wọ́n, tí wọ́n bá fẹ́ dìde wọ́n á ní ká fa àwọn. Mo ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́, pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó láyé wọn. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, arábìnrin mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń da ẹ̀gbọ́n yín láàmú, àmọ́ iṣan ẹsẹ̀ téèyàn ò bá lò, ṣe ló ń joro, orúnkún tí ò sì ríṣan gbé e ró á máa dunni sí i ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní 2020 pé kí ẹni ọdún 65 sókè máa ṣe ìrìn tó yá díẹ̀ tàbí irú iṣẹ́ ara bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe èyí tó ń mú ìdúró le ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta, torí ìṣubú. Kí iye yẹn má bà yín lẹ́rù o, díẹ̀ sàn ju kò sí lọ, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé kì í ṣe pé màmá ya ọ̀lẹ, ibi tí wọ́n á lọ ni ò sí. L'Ógbómọ̀ṣọ́ ta ló ní kí wọ́n wá ṣe eré ìdárayá? Ọjà ló ń pè wọ́n. Kubwa wá nìyí, gétì wà ní títì, wọn ò gbọ́ Haúsá, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n á kí. Ẹ bá wọn wá ìyá méjì mẹ́ta tó gbọ́ Yorùbá ládùúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ti mọ́sálásí ni o, kí wọ́n jọ máa rìn lọ ra ata, kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ lọ. Tí wọ́n bá ń rìn tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí wọn ò lè kọrin, ìrìn yẹn ti tó. Ẹ ra bàtà tó di ẹsẹ̀ mú fún wọn, kì í ṣe sílípáàsì. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin oòrùn Àbújá ò ṣeé fojú di, àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n jáde, tí eruku ọyẹ́ bá sì pọ̀ kí wọ́n ṣe é nínú ilé.

Nínú ilé yẹn náà, ẹ gbé àga onígi ti ògiri, kí wọ́n dìde kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe. Kí wọ́n di tábìlì mú kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fà wọ́n dìde mọ́ tí wọ́n bá ti lè dá a ṣe, bó tilẹ̀ pẹ́.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà wo orúnkún yẹn kó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń rìn, kí wọ́n dúró, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó wá bá wọn gbé báàgì ata ní Sátidé.