Orúkọ mi wà nínú páténtì, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín

Àbúrò, o ní ilé iṣẹ́ òkèèrè tí ẹ jọ ń ṣe ẹ̀rọ yẹn fẹ́ san gbogbo owó páténtì (ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun), o wá ń bi wá bóyá kí o gbà. Má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Èmi gbà nígbà tèmi. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni. Èmi ni mo ronú kan fáàfù tí iyanrìn kì í dí. Àwọn ní owó àti irinṣẹ́. Nígbà tí ìwé dé, mo rí orúkọ mi lójú ewé àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo gbé e kọ́ ara ògiri. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó fara balẹ̀ kà á: èmi ni olùhùmọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni ín sí, ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo padà lọ wo àdéhùn wa. Ojú ewé 9 ni mo ti gbé ẹ̀tọ́ mi fún wọn, èmi tí mi ò kà kọjá ojú ewé 3. Wọn ò jí nǹkan mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún wọn.

Kí o sì má rò pé bí ẹ bá ti jọ ni ín, ó ti parí. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì lè fún ẹlòmíì láṣẹ láti lò ó láì bi ìkejì, kò sì di dandan kó pín owó rẹ̀, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè fúnni láṣẹ. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀.

Lórí iṣẹ́ mi kejì, Íńdíà ni ẹnìkejì mi ń gbé. Òfin ibẹ̀ ni kó gba àṣẹ kó tó fi ìwé ìbéèrè páténtì sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tàbí kó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 6. Ó ku díẹ̀ kí a já sínú ìyẹn!

Ní ti owó tó ń bà ẹ́ lẹ́rù, fi ìwé sílẹ̀ nílé ná. Àdéhùn Paris ti ọdún 1883 fún ẹ ní oṣù 12 láti fi í sílẹ̀ níbòmíì, kí wọ́n sì ka ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sí tìrẹ níbẹ̀. Bí o bá gba ọ̀nà PCT, àdéhùn àgbáyé tó jẹ́ kí o fi ìwé kan ṣoṣo béèrè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó di nǹkan bí oṣù 30 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó tirẹ̀. PCT yìí kan náà ń yọ ìdá 90 nínú 100 owó ìfisílẹ̀ fún ènìyàn lásán tó wá láti orílẹ̀-èdè tí wọn kò lówó, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá fi ìwé sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ fún un. Bí ilé iṣẹ́ olówó yẹn bá ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú rẹ, ẹ̀dínwó ti lọ nìyẹn. Fífi orúkọ rẹ nìkan sílẹ̀ kò sì tó: ìwọ nìkan gbọ́dọ̀ ni ín lóòótọ́, kí o má sì tíì ṣe àdéhùn pé wàá gbé ẹ̀tọ́ náà fún wọn tàbí pé wàá fún wọn láṣẹ láti lò ó.

Báyìí, bí a bá sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, mo máa ń kọ ẹni tó mú èrò wo wá sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ déètì sí i, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì mi lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ̀rẹ̀ tìrẹ lálẹ́ òní.