Èsì: LS 400 àbí LS 430 fún bàbá ẹ?

Àbúrò, o ní bàbá ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ Lexus LS, pé ṣé 400 ni àbí 430.

400 ni àkọ́bí. Ọdún 1983 ni Eiji Toyoda, alága Toyota nígbà yẹn, ti ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tó máa lè bá tàwọn ará Jámánì figagbága, 1989 ló tó jáde. Ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) lítà 4.0 ni. Kì í pariwo rárá! Mo ti gbé kọ́ọ̀pù omi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀kan rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, omi ò mì. Ọmọṣẹ́ kan tiẹ̀ tún fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, ó rò pé ọkọ̀ ti kú.

430 dé ní 2000, lítà 4.3. Òun ni kí bàbá rà, àmọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ ló gbé àwọn kan dúró dípò sípíríǹgì. Pẹ̀lú kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yìí? Ẹ má dán an wò. Èyí tí ẹ bá bá láàárọ̀ tí ìdí ẹ̀ ti wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń jò nìyẹn. Onísípíríǹgì ni kí ẹ wá.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ìgbà wo ló pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ bó ṣe yẹ. 400 àti 430 ló ń lò ó. LS 460 tó dé ní 2006 ló bọ́ sórí ṣéènì dípò bẹ́líìtì. Tí kò bá rí èsì gidi fọ̀, ẹ yọ owó bẹ́líìtì kúrò nínú iye tí ẹ máa san.