Èsì: Àdìrẹ fún ọ̀ṣọ́ àárín tábìlì

Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o, Àǹtí. Ẹ ní ṣé ẹ lè fi àdìrẹ ṣe ọ̀ṣọ́ àárín tábìlì fúnra yín? Ó ṣeé ṣe dáadáa, ó sì máa ń wù mí púpọ̀! Ẹ ra àdìrẹ aláró ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, kí ẹ ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi mọ́, torí aró tuntun máa ń ràn mọ́ aṣọ tábìlì funfun. Tó bá gbẹ, ẹ fi wé ìgò. Etí aṣọ gan-an ni iṣẹ́ wà: ẹ ṣẹ́ ẹ sínú kí ẹ tó fi góòmù lẹ̀ ẹ́, kí òwú má baà máa yọ. Kí ọ̀ṣọ́ náà má ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí àwọn àlejò lè rí ojú ara wọn. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìgò, torí fáànù gbọ̀ngán lè gbé e ṣubú.